Kí Ló Dé Tí Ilẹ̀ Ọ̀pẹ Fi Ń Ra Epo?



Ọ̀rọ̀ epo ni a fẹ́ sọ lónìí. Kò sí ilé ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní Àjàṣẹ́ tí kì í lo epo. A ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí epo pupa ní Nàìjíríà, aládùúgbò wa, nítorí ọjà wọn kò jìnnà sí ọjà tiwa.

Ní 1960, nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, òun ni ó ń ṣe epo pupa jù ní gbogbo ayé. Lọ́dún náà, ó tà ju 150,000 tọ́ọ̀nù lọ sí òkè òkun. Tọ́ọ̀nù 1 jẹ́ kílò 1,000. Bí a bá bu tọ́ọ̀nù epo 1 sínú bídọ́ọ̀nù onílítà 25, yóò kún nǹkan bí bídọ́ọ̀nù 44.

Ṣùgbọ́n láàárín 1970 sí 1980, ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo wá sí Nàìjíríà. Láti nǹkan bí 2010, ní ọ̀pọ̀ ọdún, epo pupa tí ó ń rà ju 200,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tí ń tà ti di ẹni tí ń rà. Kí ló fà á? Ohun mẹ́rin ni.

Èkínní ni owó àgbẹ̀. Bọ́ọ̀dù ìjọba ni ó ń ra epo tí wọ́n fẹ́ tà sí òkè òkun. Owó tí ó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí epo ń lọ ní ọjà ayé. Àgbẹ̀ tí kò rí èrè kò ní gbin ọ̀pẹ tuntun. Nígbà tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986, ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ ti gbó.

Èkejì ni ogun. Láti 1967 sí 1970, ogun jà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú epo tí wọ́n ń tà ti ń wá.

Ẹ̀kẹta ni epo rọ̀bì, èyí tí a ń wà nínú ilẹ̀ tí a fi ń ṣe èsáǹsì. Láti 1973, owó rẹ̀ ga púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ìjọba sì rí owó láti fi ra oúnjẹ ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹ̀kẹrin, ẹnu pọ̀. Ní 1960, àwọn ará Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù 50. Lónìí, wọ́n ju mílíọ̀nù 200 lọ. Epo tí wọ́n ń ṣe lónìí pọ̀ ju ti 1960 lọ, ṣùgbọ́n ẹnu tí ń jẹ ẹ́ pọ̀ jù ú lọ.

Níbo ni púpọ̀ nínú epo tí wọ́n ń rà ti ń wá? Láti Màléṣíà àti Indonéṣíà. Ọ̀pẹ kì í ṣe igi ilẹ̀ wọn. Láti Áfíríkà ni ó ti wá. Ní 1848, wọ́n gbin igi ọ̀pẹ 4 sí ọgbà kan ní Bogor, ní Indonéṣíà. Ní nǹkan bí 1971, Màléṣíà ti ń ṣe epo ju Nàìjíríà lọ. Kí ni ọgbọ́n wọn? Wọ́n gbin ọ̀pẹ tí a yàn: ara èso rẹ̀ nípọn, eepo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ọ̀pẹ bá gbó, wọ́n á gé e, wọ́n á gbin òmíràn. Lórí ẹ́kítà 1 lọ́dún, wọ́n máa ń rí tó tọ́ọ̀nù epo 3.

Ìjọba Nàìjíríà gbìyànjú láti dín epo tí wọ́n ń rà kù. Ní 2015, báǹkì ìjọba sọ pé òun kò ní ta owó òkèèrè mọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ra epo pupa. Wọ́n gbé òfin náà kúrò ní 2023. Òfin nìkan kò lè mú epo jáde lára ọ̀pẹ tí ó ti gbó.

Kí ni èyí kàn wá? Nígbà tí epo bá wọ́n ní Nàìjíríà, àwọn oníṣòwò a máa kọjá ẹnubodè wá ra tiwa. Owó epo á ga. Ẹni tí ó ní ọ̀pẹ á jèrè, ẹni tí kò ní á san owó gọbọi.

Nítorí náà, ẹ wo ọ̀pẹ oko yín. Ọ̀pẹ tí ó ti tó ọdún 25 ti ga jù, kíkó ẹyìn rẹ̀ sì ṣòro. Ní Pọbẹ̀, láti 1922, ibi ìwádìí ọ̀pẹ wà. Wọ́n ń ṣe irúgbìn ọ̀pẹ tí a yàn níbẹ̀. Ẹ fi mítà 9 sí àárín ọ̀pẹ kan àti èkejì. Kí ọ̀pẹ tó dàgbà, ẹ lè gbin àgbàdo tàbí ẹ̀pà sí àárín rẹ̀. Ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹ má ṣe hú ọmọ ọ̀pẹ tí ó hù lábẹ́ ọ̀pẹ tí a yàn láti lọ gbìn ín. Púpọ̀ nínú wọn kì í so bí ìyá wọn.

Ẹ jọ dáhùn èyí ní kíláàsì:
1. Ohun mẹ́rin wo ni ó sọ Nàìjíríà di ẹni tí ń ra epo?
2. Bí ẹ bá ní bídọ́ọ̀nù epo 88, nǹkan bí tọ́ọ̀nù mélòó ni?
3. Ọ̀pẹ mélòó ni ó wà ní oko yín? Mélòó ni ẹ̀yin fúnra yín gbìn?