Bí ohùn àgbàlagbà bá lọ sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má yára sọ pé ó ti ń ṣarán

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó dá wa lójú pé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Àgbàlagbà kan jókòó jẹ́ẹ́ síta ilé, ọwọ́ rẹ̀ kan ń gbọ̀n. A kí i, ó pẹ́ kó tó dáhùn. Nígbà tó dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré débi pé a ní láti sún mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ojú rẹ̀ kàn wà bákan náà. Àwọn kan á ní ọtí ló mu. Àwọn kan á ní ayé ló ń bá a jà. Àwọn mìíràn á ní ó ti ń ṣarán, wọn ò sì ní bi í ní ohunkóhun mọ́ bí ẹbí bá ń ṣèpàdé.

Àìsàn kan wà tó máa ń fa gbogbo èyí. Parkinson ni wọ́n ń pè é, nítorí James Parkinson, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1817. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, ṣírò pé àwọn tó ní in káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 8.5 ní ọdún 2019.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ wa tó ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine. Èròjà yìí dà bí ìránṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ kí ara lè gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí Parkinson bá dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á máa kú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Ara á le, ìrìn á falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ náà nílò ìṣísẹ̀ ara: àyà ń ti èémí jáde, ọ̀fun ń gbé ohùn, ahọ́n àti ètè ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Bí iṣan wọ̀nyí bá lọ́ra, ohùn á kéré, kò sì ní lè gòkè kó sọ̀ kalẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ fún àwa tí à ń sọ Yorùbá, tó jẹ́ pé ohùn ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán sí ẹnu. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní ìlú Lyon, ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí ọpọlọ àwọn aláìsàn Parkinson ṣe ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Nígbà tí oògùn kò sí lára wọn, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ orúkọ nǹkan kò fún wọn ní wàhálà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí ara ń ṣe, irú bíi jù, sáré tàbí gbá, ló dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lo oògùn, ó sàn. Ó jọ pé ibi tí ọpọlọ ti ń pàṣẹ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wà lára ibi tó ti ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn gígùn tó lọ́ mọ́ra wọn náà máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ wọn láti lóye.

Ẹ rántí Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó lu George Foreman ní Kinshasa ní ọdún 1974. Ta ni ẹnu rẹ̀ mú tó tirẹ̀? Ní ọdún 1984, àwọn dókítà sọ pé ó ní àìsàn yìí. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ní Arizona gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń falẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 1996, ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n tan iná Òlíńpíìkì ní Atlanta, gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Kí la lè ṣe?

Ẹ mú aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oògùn levodopa kì í lé àìsàn náà lọ, ṣùgbọ́n ó ń mú ara yá. Òótọ́ ni pé wóró wèrèpè tó ń yún ni lára lóko ní levodopa nínú, àmọ́ ẹ má ṣe fúnra yín sè é mu, nítorí ojú lásán kò lè mọ ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dàrú lẹ́nu ẹnìkan lójijì, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, rọpárọsẹ̀ lè ni. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Nílé, ẹ pa rédíò, ẹ jókòó kojú rẹ̀, ẹ lo gbólóhùn kúkúrú. Dípò “Ìyá tí o rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá ní kí o wá”, ẹ sọ pé: “O rajà lánàá. Ìyá tó tà á fún ọ ń pè ọ́.” Ẹ rọ̀ ọ́ kó máa sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Lóòótọ́, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìrántí àwọn mìíràn lè dín kù. Ṣùgbọ́n pípẹ́ kó tó dáhùn nìkan kò fi hàn pé làákàyè ti lọ. Bí ẹbí bá tún ṣèpàdé, ẹ bi bàbá tàbí ìyá yẹn léèrè, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn.