'Mo rò pé tèmi ni': Ìgbà wo ni òfin ń pe ẹni tó mú ohun olóhun ní olè?

Èèyàn méjì lè wọ inú ọgbà kan náà, kí wọ́n kó irin kan náà, kí ilé ẹjọ́ sọ pé olè ni ọ̀kan, kó sì ní kí ìkejì máa lọ sílé rẹ̀. Ohun tó máa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tó wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń kó o.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri láti ṣa irin àlòpatì, àgbẹ̀ tó kó ẹyìn lórí ilẹ̀ tí ẹbí méjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹni tí owó tí kò mọ orísun rẹ̀ já sínú àkáǹtì rẹ̀, àti onílé tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ayálégbé tó jẹ ẹ́ lówó: kò sí èyí tí ọlọ́pàá kò lè gbé nínú wọn. Gbogbo wọn ló sì lè sọ pé, "Mo rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni." Ìgbà wo ni gbólóhùn yẹn ń gba èèyàn sílẹ̀?

Irin tọ́ọ̀nù mẹ́ta, dọ́là 84

Ẹjọ́ tó la ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn jùlọ, Amẹ́ríkà ló ti wáyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1948, Joseph Morissette lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín ní ìpínlẹ̀ Michigan. Èso ló máa ń tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òtútù, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ó sì ń ṣa irin àlòpatì. Ilẹ̀ ìjọba ni ilẹ̀ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun òfurufú ti ń fi jíju bọ́ǹbù dánra wò. Pátákó wà níbẹ̀ tó ní kí ará ìlú má wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo ọdẹ agbègbè náà ló mọ̀ pé ẹran pọ̀ níbẹ̀.

Kò rí ẹran pa. Ohun tó rí ni kòròfo bọ́ǹbù tí wọ́n ti lò tán, tí wọ́n kó jọ ní òkìtì òkìtì, tí òmíràn ti ń dógùn-ún. Ó kó bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, níbi tí àwọn tó ń kọjá ti lè rí i. Ó gbé e lọ sí oko kan nítòsí, ó fi katakata tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì lọ tà á ní ìlú Flint. Dọ́là 84 ni gbogbo rẹ̀ mú wá.

Nígbà tí wọ́n bi í, kò jiyàn. Ó ní òun ló kó o, pé òun rò pé wọ́n ti pa á tì ni. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn rárá. Lójú tirẹ̀, irin ìjọba ni, orí ilẹ̀ ìjọba ló wà, ọkùnrin náà sì mọ̀ pé òun ń kó o. Ó tán. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n ní kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù méjì tàbí kó san owó ìtanràn igba dọ́là.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1952, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà da ìdájọ́ náà nù. Ohun tí Adájọ́ Robert Jackson, tó kọ ìdájọ́ tuntun náà, sọ ni pé ilé ẹjọ́ kò lè kàn gbà pé èrò olè wà lọ́kàn èèyàn torí pé ó mú nǹkan. Ìgbìmọ̀ jùrì ló yẹ kó gbọ́ ohun tí Morissette rò, kí wọ́n sì pinnu bóyá wọ́n gbà á gbọ́.

Ní tèmi, ọ̀sán gangan yẹn ló wúlò jù nínú ìtàn náà. Kò sẹ́ni tó lè la àyà èèyàn wo ohun tó ń rò. Ìṣesí ni ilé ẹjọ́ ń wò: ṣé ó ṣe é ní gbangba ni, àbí ó dúró di òru? Nígbà tí wọ́n bi í, ṣé ó sá ni, àbí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

Ní gúúsù Nàìjíríà, òfin Criminal Code tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1916 ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì ń tọ̀ tàbí tí wọ́n tún òfin tiwọn kọ láti inú rẹ̀. Abala 383 rẹ̀ fi yé wa pé mímú nìkan kò sọ èèyàn di olè, àfi tí èrò èrú bá wà nínú mímú náà, bíi kó fẹ́ gba nǹkan náà lọ́wọ́ olóhun títí láé.

Abala 23 ló wá dáàbò bo ẹni tó ṣèèṣì. Ẹni tó bá ṣe nǹkan kan sí dúkìá torí ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tí kò sì ní èrò láti lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì, kò jẹ̀bi ọ̀ràn dúkìá. Ẹ wo àgbẹ̀ tó ń kó ẹyìn lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ń dá láti ọjọ́ pípẹ́. Bí òfin bá tilẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ẹbí kejì ló ni ilẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di olè. Ṣùgbọ́n tí ilé ẹjọ́ bá ti dájọ́ lé e lórí ní oṣù tó kọjá, tó sì tún gbé àdá àti agbọ̀n padà lọ, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́?

Abala 25 yàtọ̀ díẹ̀. Òun ló wà fún ẹni tó ṣì nǹkan kan mú fún òmíràn, ó sì béèrè ohun méjì: kí ìgbàgbọ́ náà ti ọkàn wá, kó sì jẹ́ ohun tó mọ́gbọ́n dání. Ẹjọ́ Gadam ní 1954 fi èyí hàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpànìyàn ni, kì í ṣe olè jíjà. Ọkùnrin náà pa obìnrin kan tó gbàgbọ́ pé ó fi àjẹ́ ṣe ìyàwó òun. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò sọ pé irọ́ ló ń pa. Wọ́n ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ́gbọ́n dání lójú òfin, ìyẹn kò sì gbà á.

Ti fóònù rọrùn láti yé. Ẹni tó mú fóònù ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba iná sí i, torí pé ó jọ tirẹ̀, kò tíì jalè. Tó bá délé, tó rí fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ lójú rẹ̀, tó wá yọ síìmù jù nù, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tó rí nǹkan he náà ní ààbò, ìyẹn tí kò bá mọ ẹni tó ni í, tó sì nídìí gidi láti gbàgbọ́ pé wọn kò lè rí onítọ̀hún.

Owó le jù wọ́n lọ. Òfin náà ka ẹni tó mú owó olówó láti fi ṣe ohun tó wù ú mọ́ olè, kódà kó ní lọ́kàn láti dá a padà. Ẹni tí owó ṣèèṣì wọ àkáǹtì rẹ̀, tó mọ̀ pé kì í ṣe tòun, tó sì ná an, kò lè sọ pé "Màá san án tí oṣù bá parí."

Wíwọ ilẹ̀ onílẹ̀: gúúsù àti àríwá kò jọra

Ní gúúsù, kéèyàn kàn gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá láì tọrọ ààyè sábà máa ń jẹ́ ẹjọ́ láàárín onílẹ̀ àti ẹni tó wọ̀ ọ́: owó gbà-máà-bínú ni onílẹ̀ máa béèrè. Ní àríwá, òfin Penal Code ti 1960 sọ ọ́ di ọ̀ràn tí ọlọ́pàá lè torí rẹ̀ gbé èèyàn, tí ẹni náà bá wọlé pẹ̀lú èrò láti dẹ́ṣẹ̀, tàbí láti dẹ́rù ba ẹni tó wà níbẹ̀, bú u tàbí mú un bínú. Kí Yorùbá tó wà ní Ìlọrin tàbí Kàbà má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, torí ẹ̀yìn òfin àríwá ni Kwara àti Kogi wà. Abuja náà ń lò ó.

Èrò ọkàn náà ni wọ́n tún ń wá níbẹ̀. Ẹni tó ṣi ààlà oko mọ̀ kò wọlé láti dẹ́ṣẹ̀. Àmọ́ òfin àríwá kò ka ìgbàgbọ́ sí ìgbàgbọ́ rere tí èèyàn kò bá fara balẹ̀ wádìí tó bó ṣe yẹ. Ní Ghana, òfin ìwà ọ̀daràn ti 1960 náà gba ẹni tó fi ọkàn rere ṣèèṣì sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà ni pé wọ́n rò pé ẹ̀tọ́ fún wọn láṣẹ láti lo agbára. Criminal Code ní ẹni tó bá fi ọ̀nà tó lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀ wọ ilẹ̀ tí ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ ní àlàáfíà ti jẹ̀bi, yálà ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà tàbí kò ní. Ní Èkó, òfin ààbò dúkìá tí wọ́n ṣe ní 2016 nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀ lè rán ẹni tó fi ipá gba ilẹ̀ tàbí ilé lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Onílé tó já ilẹ̀kùn ayálégbé kò lè fi "ilé mi ni" ṣe ààbò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá

Nílé ẹjọ́, olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn láìsí iyèméjì pé èrò èrú ló wà lọ́kàn olùjẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti ba ẹjọ́ ara wọn jẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹ̀rù á ba ẹni tí wọ́n mú, á ní òun kò débẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ̀rí bá wá fi hàn pé ó débẹ̀, ta ni yóò tún gbọ́ pé ó rò pé tòun ni? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 35, fún ẹni tí wọ́n bá mú láǹfààní láti dákẹ́ títí tó fi máa bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó yàn sọ̀rọ̀.

Gbogbo èyí wà fún ẹni tó bá dé àgọ́ ọlọ́pàá láàyè. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu nítòsí Port Harcourt, àwọn èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti Yunifásítì Port Harcourt, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n jí fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ìròyìn tó tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé gbèsè ni ọ̀kan nínú wọn lọ sin. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Port Harcourt dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́pàá ni ọ̀kan nínú wọn.