Ìtàn Àwọn Ẹni Mímọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀yà Lítíréṣọ̀ Alohùn: Àpẹẹrẹ Láti Ìmẹ̀kọ àti Láti Ilẹ̀ Punjab

Ìfáàrà

Ní agbègbè Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò títí kan Ìmẹ̀kọ lẹ́bàá ẹnu ibodè, ó ṣòro kí olùkọ́ Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ àkójọ ìtàn àdúgbò kí ó má rí ìtàn wòlíì tàbí àlùfáà gbà mọ́ ọn. Ọmọ kan yóò kọ ìtàn Ọ̀rọ́nà, jagunjagun Ìlaròó tí wọ́n ní ó wọlẹ̀. Èkejì rẹ̀ yóò kọ ìtàn káfíńtà kan tí ó sọnù sínú igbó fún oṣù mẹ́ta. Olùkọ́ a gba ti àkọ́kọ́, a sì fún un ní máàkì. A fa ìlà pupa sí ti èkejì, a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé, 'Ìmọ̀ Bíbélì ni èyí, kì í ṣe Yorùbá.'

Èrò tiwa ni pé ìlà pupa yẹn kò tọ́, ó sì ń mú kí ọmọ tí ó mọ ìtàn sọ pàdánù máàkì láìṣẹ̀. A mọ ohun tí ó ń fà á. Kíláàsì kan náà ni ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì àti ọmọ ìjọ aláṣọ funfun jọ jókòó sí, kò sì sí olùkọ́ tí ó fẹ́ kí òbí kan wá bá òun ní ọ́fíìsì ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀: a kò tíì ní òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Bí a bá pè é ní àròsọ, a ti bú àwọn tí ó gbà á gbọ́. Bí a bá pè é ní ìtàn gidi, a ti di ẹlẹ́rìí ohun tí ojú wa kò tó.

Ìtàn Samuel Bilewu Oshoffa

Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni a bí Oshoffa ní 1909. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá rẹ̀. Ìtàn sọ pé ikú ti pa àwọn ọmọ bàbá rẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo ni ó kù, bàbá náà sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fún òun ní ọmọkùnrin, òun yóò fi í fún iṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́tí sí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Samuel ni ti ẹ̀jẹ́ Hánà inú Bíbélì. Ṣùgbọ́n Bilewu? Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ àbíkú rí yóò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ ọmọ náà: bí ilé ayé bá wù ọ́, dúró. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní orúkọ Yorùbá lè lo odidi wákàtí kan lórí orúkọ méjèèjì yìí nìkan.

Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó sì tún ń ṣòwò igi ẹ́bónì, igi dúdú tí ó le bí irin. Ìrìn àjò igi yìí ni ó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sínú igbó ní oṣù karùn-ún ọdún 1947. Wọ́n ní ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀, tí ọ̀sán di òkùnkùn, ni ó ń gbàdúrà tí ó gbọ́ ohùn kan tí ó wí pé 'Luli'. Ó rí ọ̀bọ funfun kan, ó rí ẹyẹ tí ìrù rẹ̀ dà bí ti ọ̀kín, ó sì rí ejò kúkúrú kan. Inú ń run atukọ̀ rẹ̀. Ó gbàdúrà fún un, ara rẹ̀ yá. Oṣù mẹ́ta ni ó fi wà nínú igbó, oyin àti omi ni ó ń jẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni a dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìjọ tí ará ìta ń pè ní Sẹ̀lẹ́. Àwọn apẹja Ègùn ni wọ́n gbé e wọ Makoko ní Èkó ní nǹkan bí 1950. Oshoffa fúnra rẹ̀ wá fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé ní 1976. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985 lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀, wọ́n sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ, ìlú ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà 'Luli' yẹ fún àkíyèsí. Kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Ègùn, kì í ṣe Faransé. Inú ìtàn náà ni a ti túmọ̀ rẹ̀: oore-ọ̀fẹ́ Jésù Krístì. Àwa tí a ń kọ́ni ní ẹsẹ Ifá àti ọfọ̀ mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan a jáde tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí, ìtàn tí ó yí i ká a sì fún un ní ìtumọ̀.

Ti ilẹ̀ Punjab

A ó bọ́ sí òkèèrè díẹ̀, nítorí pé ohun tí ó sún mọ́ ojú jù kì í hàn kedere. Àwọn tí wọ́n lọ sí sẹ́kọ́ńdírì láàrin 1970 sí 1989 rántí àwọn olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí wọ́n wá láti Íńdíà. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ yẹn ni Punjab wà, tí ààlà Íńdíà àti Pakistan là sí méjì ní 1947, ọdún kan náà tí Oshoffa wọ igbó. Ibẹ̀ ni ẹ̀sìn Sikh ti bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ 'Sikh' ni akẹ́kọ̀ọ́, ti 'Guru' sì ni olùkọ́. Ẹ̀sìn tí a fi orúkọ kíláàsì pè kò lè ṣàjèjì sí wa púpọ̀. Àwọn Guru jẹ́ mẹ́wàá. Nígbà tí ẹ̀kẹwàá, Gobind Singh, kú ní 1708, ìwé mímọ́ wọn ni ó gba ipò Guru títí di òní.

Nanak ni ẹni àkọ́kọ́. A bí i ní 1469, ó sì kú ní 1539. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wà nínú àwọn àkójọ tí wọ́n ń pè ní janam-sakhi, ìyẹn ẹ̀rí nípa ìbí rẹ̀, tí àwọn ọmọlẹ́yìn sọ láti ẹnu dé ẹnu kí a tó kọ wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ níbi ilé ìkóúnjẹ-pamọ́ ìjòyè kan ní Sultanpur. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó lọ wẹ̀ lódò, omi gbé e mì. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ní ọjọ́ kẹta ó jáde, ọ̀rọ̀ tí ó sì kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé kò sí Híńdù, kò sí Mùsùlùmí.

Ìtàn rẹ̀ tí ó wù wá jù ni ti Lalo. Káfíńtà ni Lalo, tálákà ni pẹ̀lú. Nanak wọ̀ sí ilé rẹ̀, ó sì kọ̀ láti lọ sí àsè Malik Bhago, olówó ìlú. Nígbà tí olówó bínú béèrè ìdí, Nanak mú búrẹ́dì Lalo ní ọwọ́ kan, ó mú ti olówó ní ọwọ́ kejì, ó fún méjèèjì. Wàrà kán láti inú ti káfíńtà, ẹ̀jẹ̀ kán láti inú ti olówó. Ẹ wò ó bí ìtàn náà kò ṣe wàásù rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìwé kejì yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín kí ẹ tó béèrè.

Ohun tí ìtàn méjèèjì ń ṣe

Igbó ni ti ọ̀kan, omi ni ti èkejì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Oníṣẹ́ òòjọ́ a kúrò láàrin ènìyàn, wọn a ti máa rò pé ó ti kú, a sì padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta: Yorùbá tí ń ṣe ẹsẹ̀ńtayé ọmọ ní ọjọ́ kẹta kò ní béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ ẹẹ́ta. Ikú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ti Nanak, Híńdù fẹ́ sun òkú, Mùsùlùmí fẹ́ sin ín. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, òdòdó ni wọ́n bá, wọ́n sì pín in. Ní ti Oshoffa, ibojì wà ní ìlú tí ènìyàn lè tọ́ka sí, ibojì náà sì ti sọ Ìmẹ̀kọ di ibi ìrìn àjò mímọ́.

Ìyàtọ̀ wà pẹ̀lú, kí á má fi ìfiwéra bo òtítọ́. Ìtàn Oshoffa fẹ́ fi hàn pé agbára wà: ara atukọ̀ yá. Ọ̀pọ̀ nínú ti Nanak ń fẹ́ kí olùgbọ́ dáhùn ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ńkọ́? Ìjọ fi ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1947 sí ìṣẹ̀lẹ̀ inú igbó. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run sọ pé ọjọ́ 20 oṣù náà ni òṣùpá bo oòrùn, òjìji rẹ̀ sì kọjá lórí Dàhòmì lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàtọ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn náà ti wó. Àwa rí i bí ohun tí ó dára láti gbé ka iwájú kíláàsì: òkùnkùn náà ṣẹlẹ̀, ẹnu sì ti gbé e lọ sí ibi tí ìtàn nílò rẹ̀. Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Sikh. Ní 1968, W. H. McLeod tẹ ìwé kan jáde tí ó fi òṣùwọ̀n òpìtàn wọn ìtàn Nanak, ọ̀pọ̀ ìtàn kò yege, inú sì bí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́. Ní 1980 ó tẹ òmíràn, nínú èyí tí ó yẹ àwọn janam-sakhi wò gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀: bí a ṣe hun wọ́n, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tí ń sọ wọ́n. Ìbéèrè kejì yìí ni ó jẹ́ ti olùkọ́ lítíréṣọ̀.

Ní kíláàsì àti nínú ìdánwò

A dá a lábàá pé kí a pe ẹ̀yà yìí ní ìtàn ẹni mímọ́, kí a sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn ìwáṣẹ̀, kí ìtàn Orímọládé, tí wọ́n ní kò lè rìn ní kékeré, àti ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí katapílà rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní 1928, lè rí àyè. Ẹni tí ń ṣètò ìdánwò kò gbọdọ̀ béèrè bóyá ìtàn jẹ́ òótọ́. Ó lè béèrè pé: 'Sọ ìtàn ẹni mímọ́ kan tí o gbọ́ ní àdúgbò rẹ. Kí ni ìlò àdádó nínú rẹ̀?' Máàkì a wà fún ètò ìtàn àti fún èdè. Kò sí fún ìgbàgbọ́, kò sì sí fún àìgbàgbọ́.

Ní ti àkójọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìtàn kan náà lẹ́nu ènìyàn méjì, ó kéré tán, kí ó sì kọ ẹ̀ka èdè tí oníkálukú fi sọ ọ́. Àkókò Kérésìmesì ni ó dára jù ní Ìmẹ̀kọ, nítorí pé nígbà náà ni àwọn ọmọ ìjọ ń tú wọ ìlú láti Èkó àti láti òkèèrè, a sì lè gbọ́ ìtàn igbó náà ní ohùn Kétu, ní ti Èkó àti ní Ègùn láàrin ọ̀sán kan. Kí olùkọ́ gba àyè lọ́wọ́ olùṣọ́-àgùntàn ibẹ̀ ṣáájú, kí ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ láti bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ilé ìjọsìn.