Ṣé O Mọ̀? Àṣẹ Tó Ń Ṣe Ẹ̀dà Fáìlì Lóru

Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé àsìkò, ṣùgbọ́n ohun tí o kọ fún un ló ń ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé tar, àṣẹ tó ń di fáìlì púpọ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan, ti wà nínú Unix láti ọdún 1979? Orí téèpù ni wọ́n ń kó fáìlì sí nígbà náà. A ṣì ń lò ó dòní.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 1996 ni Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé rsync, àṣẹ tó ń da fáìlì kọ láti ibì kan sí ibòmíràn, jáde? Bí fáìlì kan bá ti wà lórí sáfà tó jìnnà, apá tó yí padà nìkan ló ń fi ránṣẹ́, dátà díẹ̀ ló sì ń jẹ. Láàárín dísíìkì méjì lórí ẹ̀rọ kan náà, odindi fáìlì ló ń dà kọ.

Ṣé o mọ̀ pé àmì / kan ṣoṣo lè yí iṣẹ́ padà? Bí fódà rẹ bá ń jẹ́ iwe, kọ iwe/ fún rsync, ohun tó wà nínú fódà ló máa kó. Kọ iwe, á gbé fódà náà tinú tòde.

Ṣé o mọ̀ pé --delete nínú rsync ń pa gbogbo ohun tí kò sí ní orísun mọ́ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀dà? Kọ́kọ́ fi --dry-run dán an wò: á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ṣé o mọ̀ pé cron, tó ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí o dá fún un, ka % sí òpin ìlà? Fi \ ṣáájú rẹ̀ nínú date +%F, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ òru á já sófo.

Ṣé o mọ̀ pé bí dísíìkì ìta kò bá sí lára ẹ̀rọ, ẹ̀dà lè máa wọ inú dísíìkì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi kún? Kí àṣẹ àkọ́kọ́ wò ó bóyá dísíìkì náà wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fi command= há kọ́kọ́rọ́ SSH tí o fi ń wọ sáfà mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo? Olè tó bá jí i kò ní rí gbogbo sáfà gbà.

Ṣé o mọ̀ pé ní 31 oṣù Kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù, ṣèèṣì pa dátà pàtàkì rẹ́? Iṣẹ́ pg_dump tó yẹ kó ti ṣe ẹ̀dà ti ń kùnà, ímeèlì tó yẹ kó kéde rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà mìíràn tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú ló gbà wọ́n là.

Nítorí náà, mú fáìlì kan nínú ẹ̀dà rẹ lónìí. Dá a padà sínú fódà mìíràn, ṣí i, kà á. Bí kò bá ṣí, ó sàn kí o mọ̀ nígbà tí ojúlówó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ.