Ojúlówó tàbí Àtúnbò: Bí A Ṣe Ń Dá Sẹ́ǹtì Onírin Ọdún 1943 Mọ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ owó onírin kan mu, èyí tí ìjọba orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà rọ ní ọdún 1943. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti rọ owó náà, síbẹ̀ a ń rí àwọn kan lórí àtẹ tí wọ́n ń dán yanran bí ẹni pé àná ni wọ́n kúrò lábẹ́ òǹtẹ̀. Púpọ̀ nínú irú wọn ni kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba ló fún wọn ní dídán yìí. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni wọ́n ti gbà á, lẹ́yìn tí awọ àkọ́kọ́ ti bàjẹ́.

Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ní iye ojúlówó ti pàdánù owó. Ẹni tó bá sì mú un lọ sí kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn ti fi ohun tí wọ́n tún ṣe han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ ohun àtijọ́. Àlàyé lórí bí a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Ojúlówó ni èyí tí awọ tí ilé ìrọwó fún un ṣì wà lára rẹ̀, ìbáà ti gbó. Ayédèrú ni èyí tí ẹlòmíràn rọ tàbí yí padà láti fi tan ènìyàn jẹ. Àtúnbò ni èyí tí irin inú rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba, ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn tún síńkì tàbí irú ohun bẹ́ẹ̀ bò lára. Àtúnbò kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kò tún lè jẹ́ ojúlówó mọ́.

Ohun tó fa rírọ owó náà

Ṣáájú ọdún 1943, bàbà ló pọ̀ jù nínú sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì gbóná, wọ́n nílò bàbà fún ọta ìbọn, wáyà àti àwọn ohun èlò ogun mìíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, òfin fi àyè gba ìjọba láti lo ohun mìíràn dípò rẹ̀, irin ni wọ́n sì yàn. Nítorí pé irin tètè máa ń dípẹtà, wọ́n fi síńkì tín-ín-rín bò ó.

Ìlú mẹ́ta ni wọ́n ti rọ ọ́. Philadelphia rọ 684,628,670. Denver rọ 217,660,000. San Francisco sì rọ 191,550,000. Lẹ́tà D lábẹ́ ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i ń tọ́ka sí Denver, lẹ́tà S sì ń tọ́ka sí San Francisco. Ti Philadelphia kò ní lẹ́tà kankan. Orí Abraham Lincoln wà ní ojú kan, ṣírí àlìkámà méjì sì wà ní ojú kejì.

Owó náà kò pẹ́ tó fi di ẹ̀hónú fún àwọn ará ìlú. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá, èyí sì ń da àwọn ènìyàn láàmú. Bẹ́ẹ̀ sì ni síńkì rẹ̀ ń ṣú, tí irin rẹ̀ sì ń dípẹtà. Ní ọdún 1944, wọ́n padà sí lílo bàbà.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́: gbòǹgbò ọ̀rọ̀

Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ rírọ owó náà tẹ̀ léra ló ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́. Irin gbọọrọ pẹlẹbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi síńkì bò ní ojú méjèèjì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó gé e sí róbótó róbótó, kí òǹtẹ̀ tó wá tẹ àwòrán sí i.

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá kun pákó ní ọ̀dà lókè àti nísàlẹ̀, tó wá fi ayùn gé e lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ, ibi tí ayùn gbà kọjá kò ní ní ọ̀dà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ owó yìí rí. Síńkì wà ní ojú rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yí ká wà ní ìhòòhò. Ibẹ̀ ni omi àti òógùn ọwọ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ìpẹtà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí.

Lẹ́yìn ogun, àwọn oníṣòwò ń ta owó ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ nínú ike gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Kí ọjà lè wu ojú, wọ́n a fi ásíìdì bó awọ tó ti ṣú kúrò lára owó, wọ́n a sì tún un bò. Ṣùgbọ́n nígbà yìí, owó tí wọ́n ti gé tán ni wọ́n ń rì sínú èròjà. Nítorí náà, síńkì tuntun bo ojú, ó sì bo etí pẹ̀lú.

Àwọn àmì tó yẹ kí a wò

(i) Etí owó. Ibí yìí ni kí a kọ́kọ́ wò, pẹ̀lú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní etí ojúlówó, a ó rí irin lásán tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ojú owó. Ó lè dípẹtà, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Bí etí bá ń dán bákan náà pẹ̀lú ojú, láìsí ìyàtọ̀ àwọ̀ rárá, a jẹ́ pé àtúnbò ni.

(ii) Ìrìn ìmọ́lẹ̀. Agbára òǹtẹ̀ máa ń fa àwọn ìlà wínníwínní sára owó tuntun. Bí a bá yí ojúlówó tí kò tíì gbó lábẹ́ àtùpà, ìmọ́lẹ̀ yóò máa yí kiri lójú rẹ̀ bí agánrándì kẹ̀kẹ́ tó ń yí. Ásíìdì àti síńkì tuntun ti pa àwọn ìlà yìí rẹ́ lára àtúnbò. Dídán rẹ̀ dúró sójú kan bíi ti dígí.

(iii) Àwòrán. Kí a wo irun àti irùngbọ̀n Lincoln, àti àwọn ìlà ara ṣírí àlìkámà. Lára àtúnbò, wọ́n sábà máa ń rí bọ̀lọ̀jọ̀, kò ní ìgun tó mú. Nígbà mìíràn, a ó rí ihò kéékèèké tí ìpẹtà àtijọ́ gbẹ́, tí síńkì tuntun sì bò mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lincoln bá ti pa nítorí ọwọ́ tó ti kàn án, tí owó náà sì tún ń dán bíi tuntun, ọ̀rọ̀ méjèèjì takora. Owó tó ti gbó kì í ní awọ titun.

(iv) Òòfà àti òṣùwọ̀n. Àwọn méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá ẹjọ́ yìí. Òòfà yóò fa ojúlówó, yóò sì fa àtúnbò, nítorí irin ni àwọn méjèèjì. Ibi tí òòfà ti wúlò ni ọ̀rọ̀ sẹ́ǹtì bàbà tó ní ọdún 1943 lára. Ìwọ̀nba péréte ni àṣìṣe mú kí wọ́n rọ, owó ńlá sì ni wọ́n ń tà á. Àwọn oníjìbìtì máa ń fi bàbà bo ti onírin láti fi ṣe é. Bí òòfà bá ti fà á, àṣírí tú. Ní ti ìwọ̀n, nǹkan bíi gíráàmù 2.7 ni ti onírin, 3.11 sì ni ti bàbà. Ohun tí ásíìdì mú kúrò àti ohun tí síńkì fi kún un kéré débi pé òṣùwọ̀n nìkan kò lè sọ bóyá wọ́n tún owó kan bò.

Ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ ha owó láti wo abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó fi ásíìdì dán an wò. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, onítọ̀hún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Kò sì yẹ kí a fi àmì kan ṣoṣo dájọ́. Kí a wo etí, kí a wo ìrìn ìmọ́lẹ̀, kí a wo àwòrán; bí ẹ̀rí wọn bá ti ṣe ọ̀kan, ìdájọ́ ti dé.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé kì í ṣe dídán ni ẹ̀rí ojúlówó, bí kò ṣe àmì tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé bíbò ló ṣáájú gígé ti mọ ibi tí yóò wò. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè fi pákó, ọ̀dà àti ayùn ṣe àfihàn rẹ̀ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kódà bí kò bá ní sẹ́ǹtì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Owó tó ti ṣú, tí etí rẹ̀ sì ti dípẹtà, lè má wu ojú. Síbẹ̀ òun ló ṣì ń sọ bí ogun ṣe mú kí orílẹ̀-èdè kan fi irin rọ owó. Èyí tí wọ́n tún bò ti pàdánù apá kan nínú ìtàn náà, kò sì sí síńkì tó lè dá a padà.