Ìbò 69 tí Plateau kò dì

Ní 1979, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ pé àwọn aṣòfin ni yóò yan ààrẹ fún ará Rantya ní Jos, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Shagari, tó ń díje fún ipò ààrẹ, rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò gbà ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí. Ṣé ìyẹn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 tí òfin béèrè?

Ká ní kò tó ni, aṣòfin ìbá dìbò. Sẹ́nétọ̀ márùn-ún ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nígbà náà, ńlá tàbí kékeré. Iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín ìjókòó aṣojú-ṣòfin: Plateau ní 16, aṣòfin ìpínlẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, 48. Gbogbo rẹ̀, 69! Olùdíje mìíràn, Azikiwe, ló sì borí nínú ìbò aráàlú níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Shagari láre lórí ìbéèrè yẹn, àwọn aṣòfin kò sì dìbò mọ́.