Ọmọ Yunifásítì Mọ Fóònù Lò: Ṣé Ó Mọ Òfin Rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá tí ń ta aṣọ ní ọjà, ẹ̀yin tíṣà tí ń fi owó oṣù tọ́ ọmọ, ẹ̀yin lẹ ra fóònù fún ọmọ yín nígbà tí ó wọ yunifásítì. Ẹ ṣeun. Orí rẹ̀ ni ó ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, orí rẹ̀ náà ni ó ti ń kàwé. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọ ní òfin rẹ̀? Ẹni tí yóò wa mọ́tò a máa kọ́ òfin ojú pópó. Ẹni tí ó gbé fóònù, títẹ̀ ẹ́ nìkan ni ó kọ́.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Ti orí fóònù tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá pa á rẹ́, ẹlòmíràn lè ti ya àwòrán rẹ̀ pa mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa ìyàwó Ààrẹ ìgbà náà sórí Twitter. Ní oṣù kọkànlá ni wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, ó sì dé ọgbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní oṣù kejìlá.

A kò ní kí ọmọ panu mọ́ o. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti bá ìjọba wí. Nígbà tí abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 fẹ́ gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ará ìlú, ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní kí ìjọba tún un ṣe, ìjọba sì tún un ṣe ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ tan irọ́ tí ó lè da ìlú rú, ìtanràn tí ó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 3, ń bẹ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ àkáǹtì. Bọ̀ọ̀dá kan lè wí pé: “Jẹ́ kí wọ́n bá mi san owó kan sí àkáǹtì rẹ. Mú díẹ̀ níbẹ̀, kí o fún mi ní ìyókù.” Ọmọ yóò rò pé oore ni òun ṣe. Bí owó náà bá jẹ́ owó jìbìtì, orúkọ ta ni báńkì yóò rí? Orúkọ ọmọ yín ni, òun náà ni EFCC yóò kọ́kọ́ wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́ wọn báyìí: nọ́ńbà àṣírí tí báńkì bá fi ránṣẹ́, kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwòrán ìhòòhò ẹlòmíràn, kí wọ́n má gbé e kiri. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè sọ ní àárín ọjà, kí wọ́n má kọ ọ́. Kí wọ́n sì mọ̀ pé láti ọdún 2023, òfin dáàbò bo àṣírí tiwọn náà.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ pè é lálẹ́ òní, kí ẹ bi í pé ta ni ó ń lo àkáǹtì rẹ̀.